Ojo Tó Ń Gbé Lára Ògiri Mi

3 Oṣù Keje, Ọjọ́bọ̀

Àkọ́bí mi obìnrin ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n kọ aago tí sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun náà já tí iná sì lọ, kí n kọ ohun tí mò ń ṣe nígbà tó já. Ìwé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ tán ló fi ránṣẹ́ sí mi, àwòrán labalábá wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi tí mo kọ́ ilé mọ́kànlélógójì. Èmi tí n kò fi bírò kọ nǹkan kan rí ju iye búlọ́ọ̀kù lọ. Èmi ni kí n jókòó ti labalábá máa kọ ìròyìn sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó dáa. Ìwé kẹta ni mo kà kí n tó lọ máa ru kọ́ńkéré, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé mi mọ́ ju ti dókítà tó kọ oògùn fún ìyàwó mi lọ.

Ó já ní aago méje àárọ̀. Mò ń wẹ̀.

Ó já ní aago méjì ọ̀sán. Mò ń ṣan ẹsẹ̀.

Ó já ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. N kò ṣe nǹkan kan. Mo kàn ń wò ó ni.

4 Oṣù Keje, Ẹtì

Ara ògiri ilé ìdáná ló wà. Ó funfun, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, bọ́tìnnì méjì wà níkùn rẹ̀ bí ojú ológbò, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Láti ara rẹ̀ ni iná ti ń lọ sí balùwẹ̀, sí hítà àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Wọ́n ní sọ́kẹ́ẹ̀tì aláàbò ni. Ojo ni mo sọ ọ́. Ohun tí omi kán sí nítòsí tó gbọ̀n jìnnìjìnnì tó sì kú, orúkọ wo ni kí n tún fún un?

Kí wọ́n tó gbé e wá, iná kò já nínú ilé yìí fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìyàwó mi ló yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù karùn-ún, egungun ìbàdí rẹ̀ sán. Láti ilé ìwòsàn ni ọmọ wa ti gbé e lọ sílé ara rẹ̀. Ó wá ń wo ilé mi kiri bí ẹni ń wo ẹran tó ti bà. Ó ní ilẹ̀ balùwẹ̀ ń yọ̀, ó ní iná ilé ti gbó, ó ní ká fi Ojo sí i.

Ó pè mí lórí fóònù láàárọ̀ yìí.

"Bàbá, ó tún já?"

"Ó já."

"Mi ò ní gbé Màmá padà wá sílé tí iná ẹ̀ ń ṣe ségesège. Ó dìgbà tó bá lo ọjọ́ méje gbáko tí ò já."

"Ilé ta ni?"

"Ilé yín ni, sà."

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Kí ni mo fi kọ́ ọ?"

"Ọwọ́ yín méjèèjì, sà. Ọjọ́ méje, Bàbá."

Ó ti mọ ọ́n lórí láti kékeré. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń dáhùn rẹ̀ nísinsìnyí kò dùn mọ́ mi. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń gé èékánná.

Ó já lẹ́ẹ̀mẹrin.

6 Oṣù Keje, Àìkú

Tíṣà wá kí mi, aládùúgbò mi tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó jókòó sórí àga ìyàwó mi láìgbàṣẹ. Mo ní kò sí ẹsẹ̀ bàtà kan wáyà tí mo rà nínú ilé yìí. Gbogbo rẹ̀ pátá, àjẹkù ilé àwọn olówó tí mo kọ́ ni. Wọ́n á gé e, wọ́n á sọ ọ́ nù, èmi á ṣà á, màá so ó mọ́ra, màá fi rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ wé ojú ìsopọ̀ rẹ̀ pinpin. Ẹni tó ń sọ nǹkan nù kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́lé.

Tíṣà ní, "Ọ̀gá Bírikìlà, ilé yín wá dà bí ẹ̀wù alágbe nìyẹn. Ibi tí kò lẹ̀ ni ká máa wá."

Mo ní, "Ilé tìrẹ dà? Ṣebí o ṣì ń san owó ilé."

Ó rẹ́rìn-ín. Eyín rẹ̀ mẹ́ta ló kù, ó sì ń fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

7 Oṣù Keje, Ajé

Mo tún balùwẹ̀ ṣe díẹ̀. Ìríra gbáà ni. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, ọṣẹ ti dì mọ́ ilẹ̀ bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná, irun sì di ojú ihò omi. Ògiri tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ omi ń yọ funfun, ó ń ṣí bí èèpo orí alárùn. Ọ̀dà ayé ìsinsìnyí ni. Wọn ò ro ó dáadáa mọ́.

Aṣọ kan wà tí ìyàwó mi máa ń so mọ́ ọrùn ẹ̀rọ omi náà, òun ló fi ń dì í mú tó bá fẹ́ ṣí i. Láti ọdún tí a kó wọlé ló ti ń so ó. Tí ọ̀kan bá gbó, á ṣẹ́ òmíràn sí mẹ́rin, á gán etí rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ọ̀ṣọ́. Afínjú ni, kì í fẹ́ fọwọ́ kan irin lásán. Èyí tó kù níbẹ̀ ti gan, ó ń rùn bí ẹnu ajá. Mo já a, mo sọ ọ́ sórí okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé. Kí òòrùn jẹ ẹ́.

Ó já lẹ́ẹ̀mẹta.

8 Oṣù Keje, Ìṣẹ́gun

Kò-séwu wá. Òun ni oníṣẹ́ iná tó fi Ojo sí i. Ohunkóhun tí o bá bi í, "kò séwu" ló máa kọ́kọ́ sọ. Ó bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó wọ̀ ọ́ padà. Òórùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ dé ilé ìdáná.

Ó yọ Ojo, ó fi tuntun sí i. Ó ní èyí àkọ́kọ́ ti bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é.

"Ó dá ọ lójú?"

"Kò séwu, Bàbá."

Mo wọ balùwẹ̀, mo ṣí omi. Kí korobá tó kún dé ìdajì, Ojo tuntun já. Kò-séwu ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Ó ní bóyá wọn ò ṣe èyí náà dáadáa.

10 Oṣù Keje, Ọjọ́bọ̀

Ọmọ mi rán obìnrin kan sí mi. Oníṣẹ́ iná ni, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó gbé àpótí dání, kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìyẹn nìkan ló ṣe tó wù mí.

Ó ní ká yọ gbogbo ohun tó ń mu iná, hítà, ẹ̀rọ ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀. A yọ ọ́. Ó ní kí n lọ ṣí omi bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo ṣí i. Ó já. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ó ṣì já. Mo ní, "Ṣé o rí i? Wèrè ni."

Ó yọ wáyà méjì tó lọ sí balùwẹ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó dé e padà. Ó ní kí n tún ṣí omi. Mo ṣí i títí korobá méjì fi kún. Kò já. Ó jókòó tì í fún wákàtí kan. Kò já.

Ó bi mí pé, "Bàbá, bí lọ́rì bá kó ẹgbẹ̀rún búlọ́ọ̀kù kúrò lọ́gbà yín, tó wá ku ọ̀kan kó pé ẹgbẹ̀rún níbi iṣẹ́, kí lẹ máa ṣe?"

"Lọ́rì náà ò ní já búlọ́ọ̀kù kankan sílẹ̀ títí màá fi mọ ẹni tó gbé e."

"Ohun tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ń ṣe náà nìyẹn. Ó ń ka iná tó lọ, ó ń ka èyí tó bọ̀. Ọ̀kan ń dín. Ẹnì kan ń gbé e lójú ọ̀nà."

Mo ní kò burú. Ọ̀rọ̀ náà yé mi ju bí mo ṣe fẹ́ kó yé mi lọ.

"Ta ló na wáyà ilé yìí, sà?"

"Èmi ni."

"Páìpù omi ńkọ́?"

"Èmi náà ni."

"Inú ihò kan náà lẹ na wọ́n gbà?"

"Kí ni màá tún gbẹ́ ihò méjì sí ògiri kan ṣoṣo fún?"

Ó gbé ọwọ́ lé ibi tí ògiri ti ń yọ funfun lẹ́yìn ẹ̀rọ omi. Ó ní, "Bàbá, sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ò ṣàìsàn. Ògiri yín ló ń ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ ká là á wò."

Kí wọ́n la ògiri mi. Ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi rẹ́, tí àwọn ọ̀gá bírikìlà mẹ́ta wá fi okùn wọ̀n, tí wọn ò rí gọngọ kan lára rẹ̀. Mo ní kó palẹ̀ àpótí rẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n tó bí ìyá tó bí i ni mo ti ń kọ́lé. Irọ́ ni, ìyá rẹ̀ á ti tó ọmọ ọdún márùn-ún. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó so wáyà méjèèjì padà, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó lọ. Ìkúnlẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló bí mi nínú jù.

Ó já kí obìnrin náà tó dé ẹnu géètì.

14 Oṣù Keje, Ajé

Mo ti rí ìdí rẹ̀ láìla ògiri ẹnikẹ́ni. Bí n kò bá wẹ̀, tí balùwẹ̀ sì gbẹ, kì í já. Láti Ọjọ́ Ẹtì ni n kò ti fomi kan ara, n kò sì wọ balùwẹ̀ rárá. Ọjọ́ mẹ́rin, Ojo kò mira. Ó ku mẹ́ta.

Tíṣà yọjú ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnu ọ̀nà ló ti dúró.

"Ọ̀gá Bírikìlà, ẹ jẹ́ n dúró síbí yìí. Òórùn yín ti kí mi tán kí ẹ tó yọ."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

"Iṣẹ́ wo? Ṣé ẹ ti ń ta ewúrẹ́ ni?"

Mo gbóòórùn ara mi lẹ́yìn tó lọ. Òbúkọ gan-an ni. Ẹni tó ń fi ẹ̀wù funfun ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ kọ́ńkéré ló wá di òbúkọ nítorí bọ́tìnnì pupa. Mo lọ wẹ̀. Korobá mẹ́ta ni mo dà sára. Ó já níbi korobá kìn-ín-ní, mo sì bú u títí dé ìkẹta.

15 Oṣù Keje, Ìṣẹ́gun

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ ló pè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Bàbá wọn, ẹsẹ̀ ti ń gbà mí. Mo rìn dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀."

"O ṣé. Wọ́n ń tọ́jú rẹ?"

"Wọ́n ń tọ́jú mi jù. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan. Mo dà bí àpótí tí wọ́n gbé sí kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ wálé."

"Wàá wálé."

Ó wá bi mí pé, "Ta ló ń pọn omi ìwẹ̀ fún yín?"

"Èmi ni. Mo lọ́wọ́." Láti ọjọ́ tí a ti kó wọ ilé yìí, òun ló máa ń pọn ọ́n, tó máa ń gbé korobá sílẹ̀ dè mí.

"Aṣọ mi ṣì wà lára ẹ̀rọ?"

"Mo ti já a dànù. Ó ń rùn."

"Ẹ máa wọ sílípáàsì onírọ́bà tí ẹ bá fẹ́ wọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé ọmọdé ni mí tí màá fi yọ̀ ṣubú?"

"Ẹ ṣáà máa wọ̀ ọ́."

Mò ń wọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ yẹn ń rí mi lára.

17 Oṣù Keje, Ọjọ́bọ̀

Ojú ewé yìí, màá ya á kí n tó dá ìwé yìí padà fún ọmọ mi.

Kò-séwu wá. Ó ní òun ti ronú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ká fi ojú Ojo sílẹ̀ lára ògiri bẹ́ẹ̀, iná pupa kékeré ara rẹ̀ á ṣì máa tàn, ṣùgbọ́n ká so wáyà balùwẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Á máa dúró níbẹ̀ bí ọlọ́dẹ tó ti sùn.

"Ọmọ mi ò ní mọ̀?"

"Kò séwu, Bàbá."

Mo ní kó ṣe é. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. N kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó ń ṣe é, òun náà ò wo tèmi.

19 Oṣù Keje, Àbámẹ́ta

Kò já.

21 Oṣù Keje, Ajé

Kò já. Hítà ń gbóná, ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí. Mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ bí ọkọ ìyàwó. Ọwọ́ ń rìn mí wìnnìwìnnì díẹ̀ tí mo bá ń ti ẹ̀rọ omi. Àgbà ni. Ọwọ́ tó jẹ sìmẹ́ǹtì fún ogójì ọdún, tó ń gbé ìkòkò gbígbóná láìlo aṣọ, kò lè máa ṣe bí ọwọ́ ọmọ tuntun. Tíṣà bi mí bí mo ṣe rí i ṣe. Mo ní ọgbọ́n ni.

24 Oṣù Keje, Ọjọ́bọ̀

Ó pé ọjọ́ méje. Mo pe ọmọ mi kó tó pè mí.

"Kò já, Bàbá? Rárá?"

"Ilé ta ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti oṣù karùn-ún. Ó ní òun á gbé ìyá rẹ̀ wá lọ́túnla, Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bi í pé, "Lọ́túnla? Lóòótọ́?"

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ó dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjá níwájú Ojo, mo yí ojú mi síbòmíràn.

25 Oṣù Keje, Ẹtì

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí. Ọ̀tún ṣì ń gbọ̀n.

Mo ní kí balùwẹ̀ mọ́ kí ìyàwó mi tó dé. Mo bọ́ sílípáàsì kí ó má bàa yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo kúnlẹ̀ nínú omi ọṣẹ, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì họ ìdọ̀tí tó wà láàárín táìlì. Dúdú ni, ó ń fà bí ikun. Èébì ń gbé mi. Nígbà tí mo ṣe tán, mo na ọwọ́ di ẹ̀rọ omi mú kí n lè dìde.

Iná gbé mi.

N kò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Apá mi kì í ṣe tèmi mọ́. Mo fẹ́ tú ọwọ́ sílẹ̀, ọwọ́ náà ń dì í mú sí i. Mo fẹ́ pariwo, eyín mi pàdé. Mo ń wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìwúwo ara mi ló gbà mí. Orúnkún yọ̀ lórí ọṣẹ, mo ṣubú sẹ́yìn, ó já mi kúrò lára irin náà. Mo sùn gbalaja sínú omi ìdọ̀tí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ họ, ó wọ ẹnu mi. N kò lè tutọ́.

Mo ń retí kí Ojo já. Ibi tí mo sùn sí, mò ń retí ìró rẹ̀, kàtì kékeré yẹn tí mo ti bú láti oṣù kan. Kò dún. Mo ti sanwó fún un pé kó má dún.

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ sẹ́yìnkùlé. Aṣọ náà ṣì wà lórí okùn, òòrùn ti jẹ ẹ́ tán. Ìṣẹ́po mẹ́rin. Mo tú ìgán rẹ̀ wò. Nínú rẹ̀, láàárín aṣọ sí aṣọ, ìyàwó mi tẹ́ rọ́bà sí i. Rọ́bà inú kẹ̀kẹ́. Ó ní láti jẹ́ pé inú àpótí irinṣẹ́ mi ló ti mú un.

Mo pè é.

"Ìyá wọn. Aṣọ ara ẹ̀rọ omi, kí lo fi ń ṣe?"

Ó ní, "Ẹ ti fọwọ́ kàn án."

"Mo ti fọwọ́ kàn án."

"Kò ṣe yín ní nǹkan?"

"Mo wà láàyè. Ó ti pẹ́ tó?"

"Kò le tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ó kàn ń ta mí lọ́wọ́ bí èèrà. Ọdún tí a kó wọlé ni."

"Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ ọ́, àlejò kún ilé, ẹ̀ ń fi ògiri hàn wọ́n. Ẹ ní kò sí àléébù kan lára ẹ̀. Mo ní kí n jẹ́ kí àlejò lọ ná. Àlejò ò lọ tán, Bàbá wọn. Gbogbo ìgbà ni ẹ̀ ń fi hàn wọ́n."

Mo yí aṣọ náà padà lọ́wọ́.

"Ọjọ́ tí o ṣubú ńkọ́?"

"Aṣọ tutù lọ́jọ́ náà," ó ní. "N kò fún omi ara rẹ̀ dànù dáadáa."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tó ń dín, ara ìyàwó mi ló ń gbà lọ, láràárọ̀, nítorí korobá omi tèmi. Mo wá ń bú ẹni tó ń kà á.

Mo tún pe ọmọ mi. Mo ní kó má gbé ìyá rẹ̀ wá lọ́la. Ó ní, "Ó já?" Mo ní kò já, mo ní èmi ni mo ní kí wọ́n dí i lẹ́nu. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo dúró kí ó bú mi. Kò bú mi. Ó wá ní, "Ẹ pa iná gbogbo ilé láti ojúde, sà. Nísinsìnyí. Kí ẹ sì jókòó síta."

Mo jókòó síta. N kò ní ya ojú ewé kankan.

26 Oṣù Keje, Àbámẹ́ta

Obìnrin oníṣẹ́ iná náà padà wá. Lónìí tó yẹ kí ìyàwó mi dé. Mo ṣí géètì fún un fúnra mi. Kó tó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde.

Ó wo ẹ̀yìn Ojo, ó rí ohun tí Kò-séwu ṣe, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu bí ẹni tó jẹ ohun kíkan. "Bàbá, orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́."

"Mo mọ̀. Fún mi ní òòlù."

"Ẹ jẹ́ n ṣe é, sà."

"Ògiri mi ni."

Èmi ni mo là á. Ó le. Sìmẹ́ǹtì tí mo pò lọ́jọ́ náà kì í ṣe sìmẹ́ǹtì àwọn ọ̀lẹ, mo sì ń bú bó ṣe le tó. Nígbà tí ẹ̀yìn táìlì jábọ́, òórùn kan jáde tí n kò lè júwe. Bí inú ìkòkò tí wọ́n gbàgbé dé ní oṣù mẹ́ta. Iyanrìn inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, aáyán ń sá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Páìpù irin náà ti dípẹtà, ojú ìdè rẹ̀ ń sun omi kín-ín-kín-ín tí a bá ṣí ẹ̀rọ. Wáyà mi sì sùn tì í bí ọmọ tó fara ti ìyá rẹ̀. Ìsopọ̀ mẹ́ta láàárín ẹsẹ̀ bàtà méjì. Rọ́bà kẹ̀kẹ́ tí mo fi wé wọn ti di ohun rírọ̀ dúdú. Mo fi ọwọ́ kàn án, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń já bí ìgbẹ́ adìyẹ. Bàbà inú rẹ̀ hàn síta, ó ń yọ àwọ̀ ewé, ó fara kan páìpù.

Obìnrin náà ń wò ó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, mo rí wọn, kò sì sọ ọ̀kankan.

Mo ní, "Sọ ọ́."

Ó ní, "Àwọn tó bá yín wọn ògiri yìí, ìta ni wọ́n fi okùn wọ̀n, sà."

Mo ní ó tó.

2 Oṣù Kẹjọ, Àbámẹ́ta

A la ògiri mẹ́rin tán. Kò sí yàrá kan tí ìsopọ̀ kò sí. Mo kà á: mẹ́tàdínlógún. Wáyà tuntun, èyí tí mo rà, odidi, inú páìpù tirẹ̀. Omi gba ihò tirẹ̀. Wáyà kẹta wà tó wọ inú ilẹ̀ lọ, obìnrin náà ní òun ni yóò máa gbé iná tó bá ṣìnà lọ síbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé wọ́n ti ń lo ìyẹn nígbà tí mo kọ́lé. Ó ní wọ́n ti ń lò ó, sà. Mo ní mo mọ̀. Mo mọ̀ lóòótọ́. Mo rí i nínú ilé àwọn olówó yẹn. Mo rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lásán ni.

Wọ́n ní ìyàwó mi ti rìn dé ẹ̀yìn ilé ọmọ wa.

Tíṣà wá wo ihò. Mo ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kàn ní, "Ọ̀gá Bírikìlà, ẹ gbé omi fún mi, eruku pọ̀." Nígbà tó mu ún tán, ó bá mi kó àfọ́kù ògiri síta pẹ̀lú eyín mẹ́ta rẹ̀ àti ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

5 Oṣù Kẹjọ, Ìṣẹ́gun

Mo rẹ́ ògiri. Kò sí ẹni tí mo pè wá wọ̀n ọ́n.

13 Oṣù Kẹjọ, Ọjọ́rú

Ó pé ọjọ́ méje láàárọ̀ yìí. Kò já. Láràárọ̀ ni mò ń tẹ bọ́tìnnì dúdú bí obìnrin náà ṣe kọ́ mi, láti mọ̀ bóyá ó ṣì lè já. Á dún kàtì. Màá tẹ pupa, iná á dé. N kò fẹ́ràn ìró náà títí di ìsinsìnyí. Mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

16 Oṣù Kẹjọ, Àbámẹ́ta

Ó dé. Ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ wa lọ́wọ́ òsì. Ó wo ògiri, ó wo ilẹ̀ tí mo fi táìlì tí kì í yọ̀ sí. Ọmọ wa ń wò mí, ó ń retí kí n bi í pé ilé ta ni. N kò bi í.

Ìyàwó mi wọ balùwẹ̀. Ó dúró níwájú ẹ̀rọ omi. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi tí aṣọ máa ń wà, kò bá nǹkan kan, ó sì fà sẹ́yìn. Mo bọ́ sílípáàsì. Mo da omi sílẹ̀, mo dúró sínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lásán, mo fi ọwọ́ méjèèjì di irin náà mú, mo ń wò ó lójú.

Ó ní, "Ẹ kúrò níbẹ̀, Bàbá wọn. Mo ti rí i."

Mi ò kúrò kíákíá.

17 Oṣù Kẹjọ, Àìkú

Mo pọn omi ìwẹ̀ fún un. Korobá ń wúwo. N kò mọ̀ pé ó ń wúwo tó bẹ́ẹ̀.

Mo bá aṣọ tuntun lára ẹ̀rọ. Ìṣẹ́po mẹ́rin, ó gán etí rẹ̀. Inú bí mi, kì í ṣe sí i. N kò já a.

24 Oṣù Kẹjọ, Àìkú

Aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Mò ń pọn omi.

2 Oṣù Kẹsàn-án, Ìṣẹ́gun

Mo tẹ Ojo, ó já, iná padà dé.

Nígbà tí mo gbé korobá wọ balùwẹ̀, mo bá ẹ̀rọ omi ní ìhòòhò. Aṣọ náà wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi ti fi nu ẹsẹ̀, ó sì ti fi sílẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ọṣẹ wà lára rẹ̀, irun ewú kan lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìríra gbáà ni. Mo gbé e, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo dá a padà sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀.